Fìlà Bàbá Wa, Bàtà Pọ́ǹpù

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1971, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Harriet Aspinall, kú. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Orí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ni ó wà. Mo ń po tíì lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná. Nígbà tí mo gbé ife méjì dé, ọ̀kan nínú wọn kò ní ẹni tí yóò mu ún mọ́.

Àlùfáà béèrè ohun tí òun lè sọ nípa rẹ̀ níbi ìsìnkú. Mo ní kí ó sọ pé òṣìṣẹ́ ni, pé kì í pẹ́ dé ibi kankan. Ó sọ ọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín ni ọ̀rọ̀ bàtà kan tí ó rán ní ọdún 1941. Bí kò bá sí bàtà náà ni, obìnrin méjìlá ni ì bá kú níwájú mi lọ́sàn-án gangan, òun ì bá sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Hetty ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Èmi kì í pè é lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú, bàbá wa sì tẹ̀lé e kí ọdún tó yí po. Hetty ni ó wọ ilé-iṣẹ́ òwú lọ, òun ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán mi ní ilé-ìwé títí mo fi jáde ìwé gíga, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń gbá ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ. Ọkùnrin tí ì bá fẹ́ ẹ kò bọ̀ láti ogun àkọ́kọ́. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, n kò sì béèrè.

Nígbà tí ogun kejì dé, àyà mi tí kò lágbára kò jẹ́ kí wọ́n gbà mí sí iṣẹ́ ológun. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn apaná ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sínú ọta àgbá, ní ẹ̀yìn ìlú wa. Hetty náà ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ní búkà keje, ọ̀kan nínú àwọn ilé onípákó kéékèèké tí a ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀tù, níbi tí ẹ̀tù ti sọ ọwọ́ àti iwájú irun rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Bí ó ṣe rí nìyẹn: nílé, òun ni ọ̀gá mi, níbi iṣẹ́, èmi ni mo dé akoro funfun, tí mo gbé fèrè kọ́ ọrùn. Kò fi èyí yọ mí lẹ́nu ju bí ó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí ó kù ni wọ́n ń yọ mí lẹ́nu.

"Balógun Garawa!" Ìyá Ormerod á pariwo bí mo bá ti yọ. "Ṣé àwọn garawa jí dáadáa?"

"Wọ́n jí, ìyá."

"Wọ́n ti jẹun?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

"Kọjá sí ibo? Bí Ọba wa fúnra rẹ̀ bá dé síhìn-ín, màá yẹ àpò rẹ̀ wò. Gbé apá sókè."

Opó ni Ìyá Ormerod, ó sanra, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí agogo. Ilé ìpààrọ̀ aṣọ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Níbẹ̀, wọ́n kun ìlà pupa kan sílẹ̀ láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì gbé àga gbọọrọ kan lé e. Ní ìhín ìlà náà, o lè jẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí o tó dé ọ̀hún, wàá bọ́ aṣọ òde, bàtà oníṣòó, òrùka, píìnì irun, gbogbo ohun tí irin wà lára rẹ̀. Wàá jókòó sórí àga náà, wàá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kọjá, wàá sì ki wọ́n bọ bàtà funfun tí kò ní ìṣó, tí kò fi ẹsẹ̀ kan ìta rí. Ìyá Ormerod á fọwọ́ gbá ọ lára láti ọrùn dé kókósẹ̀. Ìṣáná kan péré nínú àpò lè rán ni lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kò sí ẹni tí ó bínú sí èyí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí irin ń ṣe bí ó bá bá irin jà nítòsí ẹ̀tù. Iyanrìn pàápàá kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí hóró rẹ̀ kan lábẹ́ bàtà tó láti tan iná.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Thorley, sójà àtijọ́ kan tí ó jẹ́ alábòójútó ohun ìdáàbòbò lọ́wọ́ ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá, mú àṣẹ wá láti ìlú ńlá: gbogbo ilé tí ènìyàn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní pọ́ǹpù àti omi nítòsí. Pọ́ǹpù náà kò tóbi. A ó ki ọ̀pá rẹ̀ bọ inú garawa omi, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ yóò dúró sílẹ̀ lẹ́yìn garawa kí ènìyàn lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹnìkan yóò máa fà á, ẹnìkejì yóò di ẹnu rọ́bà mú. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Pilling ni olórí àgbàlá ẹ̀tù, ó sì ní irin kankan kò gbọdọ̀ kọjá ìlà pupa nígbà tí òun bá wà láàyè. Ènìyàn rere ni àwọn méjèèjì. Ìṣòro náà gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, a gbé àwọn pọ́ǹpù kọ́ sára ògiri ní ìta ìlà pupa, níbi tí kò ti lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹ ọ̀dùnkún àti ewé kábéèjì, Hetty gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀.

"Wilfred, bí bọ́ǹbù oníná bá já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ta ni yóò gbé pọ́ǹpù wọlé?"

"Èmi àti àwọn ènìyàn mi ni, ẹ̀gbọ́n."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin rẹ̀?"

"Ọ̀gbẹ́ni Pilling yóò kọ́kọ́ fún wa láṣẹ."

"Níbo ni Pilling yóò wà?"

"Ní ọ́fíìsì rẹ̀."

"Ó dáa. Iná náà yóò wá àga jókòó, yóò mu tíì, yóò máa retí Pilling."

Ó tún gbé ṣíbí náà, ó fi tọ́ka sí mi bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Obìnrin mọ́kànlá ni ó wà pẹ̀lú mi ní búkà yẹn. Ilẹ̀kùn kan ni a ní. Ẹ̀tù wà lára aṣọ wa, a kò lè sáré gba ẹ̀gbẹ́ iná kọjá. Mavis kò tíì pé ogún ọdún. Bá wọn sọ ọ́. Ìwọ ni o dé akoro."

Mo bá wọn sọ ọ́. Mo dúró sáàárín àwọn ọ̀gá méjèèjì nínú ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Pilling, mo di akoro mi mú lábẹ́ apá bí ọmọ ilé-ìwé tí a pè wá bá olùkọ́.

"Kí ni kí àwọn obìnrin náà ṣe nígbà náà?" Ọ̀gbẹ́ni Thorley béèrè. "Kí wọ́n máa tutọ́ sí bọ́ǹbù?"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ irin yẹn lu pákó mi lẹ́ẹ̀kan péré," Ọ̀gbẹ́ni Pilling dá a lóhùn, "kò ní ku ẹni tí yóò tutọ́."

"Àṣẹ ni mo mú wá."

"Ẹ mú un padà."

Mo ròyìn fún Hetty bí ó ti lọ. Ó ń nu àwo, kò yíjú sí mi.

"Ẹsẹ̀ pọ́ǹpù náà ni ìjà wọn?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni."

"Èmi náà ní ẹsẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe sí tèmi kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé?"

"Wọ́n fún yín ní bàtà."

"Ó dáa," ni ó wí. Ó kó àwo sí ibi tí ó yẹ, ó sì lọ sùn.

Fìlà bàbá wa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé wa láti ọjọ́ tí ó ti kú. Fìlà dúdú ni, irun ẹran ni wọ́n fi lù ú nípọn. Òun ni ó ń dé lọ sí ilé ìjọsìn. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án àyàfi láti gbọn eruku rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo ti ibi ìṣọ́ orí òrùlé ilé-iṣẹ́ dé, mo gbójú sókè láti kọ́ ẹ̀wù òjò mi, fìlà kò sí níbẹ̀. Ó wà lórí tábìlì. Hetty ti gé e sí méjì.

Mo gbé ẹ̀wù òjò náà sórí àga.

"Ẹ̀gbọ́n, fìlà Bàbá nìyẹn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń gbọn eruku rẹ̀."

"Ẹ gé e."

"Wilfred, níbi tí Bàbá wà, òjò kì í rọ̀. Bọ́ bàtà rẹ, o ń ta ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Inú bí mi. N kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà, kò sì bẹ̀ mí. Ó jókòó sábẹ́ fìtílà, ó ń fi abẹ́rẹ́ kọjá nínú fìlà náà, ó fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ mi àtijọ́ ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìpele lórí ìpele. Kò lo bọ́tìnnì, kò lo ìdè irin. Okùn òwú ni ó fi dè é. Ó tún fi òkè fìlà náà dá ẹ̀wù fún ọ̀pá pọ́ǹpù kí ó má baà kan ohunkóhun. Nígbà tí ó parí, ó gbé e sọ́wọ́, ó wò ó láti ìhín dé ọ̀hún.

"Ó dára ju bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú Bàbá lọ," ni ó wí, ó sì pa fìtílà.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Pilling. Ọkùnrin náà wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó fọwọ́ ra abẹ́ bàtà náà bí ẹni ń wá egungun nínú ẹja.

"Bí ó bá bọ́ ńkọ́?"

"Mo dè é níbi mẹ́ta, ọ̀gá."

"Bí okùn bá já?"

"Irú ìdè tí mo fi dè é yìí ni mo fi ń de ọmọ ìyá mi mọ́ ẹ̀yìn nígbà tí ó wà ní ìkókó, tí ìyá wa ń ṣàìsàn. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn. Ó já?"

Ọ̀gbẹ́ni Pilling wò mí. N kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

Lẹ́yìn náà, ó ní pọ́ǹpù kan lè wọlé, sí búkà keje nìkan, fún ìdánwò. Kí garawa rẹ̀ jẹ́ onípákó. Àti pé, níwọ̀n ìgbà tí ó ti wọ bàtà bí òṣìṣẹ́, kí wọ́n máa fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò bí òṣìṣẹ́. N kò rò pé ẹ̀fẹ̀ ni ó ṣe. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ìyá Ormerod kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ pọ́ǹpù náà ní Gertie. Láràárọ̀, wọ́n á gbé e láti búkà wá sí etí ìlà, àwọn obìnrin á sì pé jọ láti wò ó.

"Gertie, gbé apá sókè. O ní ìṣáná lára? O ní sìgá? Píìnì irun ńkọ́? Ẹ wò ó, kò dáhùn. Ìgbéraga! Nítorí ó wọ bàtà tuntun."

"Ó ti lọ́kọ, ìyá?" Mavis á béèrè. Ẹlẹ́nu mímú ni, ọmọ pupa tí ojú rẹ̀ kún fún àmì wẹ́wẹ́.

"Balógun Garawa ni ọkọ rẹ̀. Ẹ ò rí bí ó ti ń wò ó?"

Hetty kì í bá wọn rẹ́rìn-ín sókè. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́, kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀tù, ó máa ń tẹ pọ́ǹpù náà wò, òun àti Mavis, títí ọwọ́ wọn fi mọ̀ ọ́n bí ọwọ́ ti ń mọ ilẹ̀kùn ilé ẹni nínú òkùnkùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ní oṣù Kẹwàá. Òjò ń rọ̀ wínníwínní, sánmà sì wá sílẹ̀ dé orí àwọn ọ̀pá èéfín. Mò ń to àpò iyanrìn ní ẹ̀yìn ilé oúnjẹ nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú kan tí kì í ṣe tiwa. Alóre orí òrùlé ti ń lu agogo rẹ̀ kí fèrè ìkìlọ̀ ìlú tó ké rárá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó já láti inú ìkùukùu, ó sì tú ẹrù rẹ̀ dà. Àwọn bọ́ǹbù oníná kì í dún púpọ̀. Bí ẹni da ìdì igi ìdáná sórí òrùlé ni wọ́n dún. Èyí tí ó pọ̀ jù bọ́ sínú koríko tútù, wọ́n jó fún ara wọn. Ọ̀kan lu òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó, ó bọ́ sí iwájú ilẹ̀kùn búkà keje.

Mo sáré. Àwọn apaná méjì tẹ̀lé mi pẹ̀lú garawa. Láti ẹnu ilé ìpààrọ̀, mo ti rí ìmọ́lẹ̀ náà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, funfun tí ojú kò lè wò.

Ìyá Ormerod dúró sí etí ìlà pupa. Ó na ọwọ́.

"Gbé apá sókè," ó wí.

Mo gbé apá sókè.

Ó gbá àpò mi. Ó bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn mi, ó gba akoro lórí mi, ó kó wọn sínú agbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orúnkún mi kí àwa méjèèjì tó wo ojú ara wa.

"Jésù," ó wí. "Kí ni mò ń ṣe?"

"Iṣẹ́ yín ni, ìyá."

Mo ti jókòó sórí àga. N kò pàṣẹ fún ara mi láti jókòó. Ara mi ni ó jókòó fúnra rẹ̀. Okùn bàtà mi ti gba omi, ó ti wú, kò tú. Mo fa bàtà méjèèjì yọ pẹ̀lú okùn wọn. N kò dúró wá bàtà funfun. Mo gbé ẹsẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀.

Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ormerod tí ó ń ké mọ́ àwọn ènìyàn mi. "Irin kò gbọdọ̀ kọjá! Ẹ dà á sínú onípákó! Ẹ̀yin ará búkà karùn-ún, ẹ tò, ẹ gbà á, ẹ má ta á sílẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni omi ṣe kọjá ìlà, láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí irin kan kò tẹ̀lé e. Mo gba garawa àkọ́kọ́, mo sì lọ.

Bọ́ǹbù náà wà ní apá ọ̀tún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń tu iná bí ológbò tí ń bínú, pákó abẹ́ rẹ̀ sì ti ń jó lọ sí ọ̀nà ilẹ̀kùn. Ní ọ̀hún rẹ̀, Hetty dùbúlẹ̀ lórí ikùn, ó di ẹnu rọ́bà mú. Òun àti Mavis rin gbingbin. Ohun àkọ́kọ́ tí Hetty ṣe ni pé ó bu omi dà sí ara wọn láti pa ẹ̀tù inú aṣọ wọn, ìdí sì nìyẹn tí omi inú garawa wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mavis fi ẹsẹ̀ tẹ bàtà Gertie mọ́lẹ̀, ó ń fà, ó ń sunkún, ó ń bú ẹni tí ó bí ẹni tí ó wa ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn wọn, nínú ilẹ̀kùn, àwọn obìnrin mẹ́wàá dúró láìmira. Àwo ẹ̀tù wà lórí tábìlì lẹ́yìn wọn.

Bí o bá da omi gìdì lé bọ́ǹbù oníná, yóò fọ́n ká. Omi bí ìrì ni ó ń fẹ́ fún òun fúnra rẹ̀, omi tààrà ni ó yẹ fún pákó tí ó ń jó. Hetty ń yí i padà bí ó ti yẹ, ìrì sí bọ́ǹbù, tààrà sí pákó, ìrì, tààrà, láìyára, láìfalẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ra ògiri òsì, mo kọjá ní ẹ̀gbẹ́ iná, mo sì da omi mi sínú garawa wọn.

Ó wò mí láti ilẹ̀. Irun ojú rẹ̀ kan ti jó.

"Wilfred, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ yọ síta."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iwájú yín."

"Ìbọ̀sẹ̀ tí mo ní kí o gbé wá kí n rán nìyẹn. O sọ pé kò lu."

"Ẹ wo iwájú yín!"

Garawa kejì dé, ẹ̀kẹta dé. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ lára ògiri yẹn. Bọ́ǹbù náà pa ohùn rẹ̀ dà, ó di bí ẹni ń súfèé, ó di pupa, ó di eérú. Pákó tí ó jó dé ibi tí Hetty ti lè na ọwọ́ fi kan ilẹ̀kùn. Kò kọjá ibẹ̀.

Mavis kò dá fífà dúró. Hetty dìde, ó fi ọwọ́ tútù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó tó, ọmọ mi. O ti fà á tó."

Àwọn obìnrin náà jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí pákó tútù, wọ́n gba ilé ààbò lọ. Wọn kò sáré. Nígbà tí wọ́n dé ìlà pupa, gbogbo wọn jókòó, wọ́n bọ́ bàtà funfun, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Pilling dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òun náà ti jókòó pààrọ̀ bàtà. Ó wo pákó, ó wo ilẹ̀kùn, ó wo àwo ẹ̀tù tí ó wà nínú búkà. Ó kúnlẹ̀ sínú omi, ó gbé Gertie, ó sì fi ọwọ́ lásán ra abẹ́ bàtà rẹ̀. Apá kan ti jó dé ìpele rọ́bà kejì. Okùn kò já.

Ó gbójú sókè wo Hetty.

"Mísì Aspinall," ó wí, "irú bàtà yìí mélòó ni ẹ lè rán?"

Hetty fún omi kúrò nínú irun rẹ̀. "Fìlà mélòó ni ẹ ní, ọ̀gá?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, fìlà ti ń wọlé sí ilé wa bí ẹni pé òkú ọlọ́lá kan wà níbẹ̀. Ti Ọ̀gbẹ́ni Pilling ni ó kọ́kọ́ dé, dúdú, olówó iyebíye, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Thorley mú méjì wá fúnra rẹ̀. Ó sì jókòó mu tíì, ó sọ fún Hetty pé nínú gbogbo ohun tí òun ti rí lójú ogun, òun kò tíì rí pọ́ǹpù tí ó lọ́kọ. Mavis ni ó ti kọ́kọ́ sọ ẹ̀fẹ̀ náà fún un. Kí òjò yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo búkà ni ó ní pọ́ǹpù tí ó wọ bàtà nínú ìlà pupa, àwọn ọ̀gá wa sì ń rìn káàkiri nínú òtútù láìdé fìlà.

Wọn kò fún Hetty ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n fún un ní ìdajì ọjọ́ kan láti sinmi. Aṣọ ni ó fi fọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ iná náà, nígbà tí a jókòó sídìí oúnjẹ, mo gbìyànjú láti sọ ọ́.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n."

"Fún kí ni?"

"Fún bàtà yẹn."

"Bàbá ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fìlà rẹ̀ ni. Jẹ ọ̀dùnkún rẹ kí ó tó tutù. Kí o sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn fún mi."

Mo bọ́ ọ. Mo fún un. Láti ọjọ́ náà, ọgbọ̀n ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ó ń bá ìkòkò wí, tí ó ń bá mi wí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àfikún. N kò jìjàdù fún un, n kò sì sanwó rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bá àwọn tí ó wá kí mi sunkún bí wọ́n ti ń retí. Ẹni tí a dá ẹrù rẹ̀ padà fún nígbà tí ó ti kà á sí òfò, kò yẹ kí ó bú ẹni tí ó wá gbà á níkẹyìn.

Mavis wá síbi ìsìnkú. Ó ti sanra, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó kó ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn, àgbà ni gbogbo wọn, ó tò wọ́n síwájú mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn.

"Ẹ kí bàbá yìí," ó wí fún wọn. "Balógun Garawa nìyí." Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi ní ohùn kékeré pé, "Bàtà yẹn ni ó bí wọn, ọ̀gá. Mo ti sọ fún wọn."

Mo bọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Mo padà sílé, mo sì kó àwọn nǹkan rẹ̀ jọ.

Ohun tí Hetty fi sílẹ̀ nìyí: ẹ̀wù òtútù méjì, ọ̀kan fún ilé ìjọsìn. Awò ojú rẹ̀, tí ó fi okùn de apá òsì rẹ̀. Ìkòkò tíì tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́. Àpótí ìránṣọ ìyá wa. Etí fìlà bàbá wa, èyí tí ó kù lẹ́yìn tí ó gé e, ó ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sí eruku lára rẹ̀. Bàtà Gertie, tí Ìyá Ormerod gbé wá fún un nínú épírónì nígbà tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa, tí apá kan rẹ̀ jó. Ìbọ̀sẹ̀ mi mẹ́fà, rírán, kíká. Ọ̀kan tí kò tíì rán tán, abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀.